Ọ̀rá Tíńtì Tó Kù fún Gíláàsì Kan

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, n ò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ mi ní nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mo jẹ́. Oníbàárà tó bá gbé ọkọ̀ wá, tó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é, mo máa ń ní kó kúkú bọ́ ẹ̀wù kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń yin obìnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí lára ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé ojú mi ti rí nǹkan.

Ìyá ìyàwó mi ni obìnrin náà. Aránṣọ ni. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti jókòó sídìí maṣínnì, títí èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju tòsì lọ. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbé e jẹun, ó ń gbé e gbàdúrà, mo sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan tó gbé e sùn. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á kó abẹ́rẹ́ há ẹnu, á sì máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ètè, ọ̀rọ̀ á já geere, abẹ́rẹ́ kan ò ní jábọ́. Bó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọn onítọ̀hún tán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fi ara mi hàn nílé wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí, kò gbọ́ ìkankan níbẹ̀. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹni tó rán ṣòkòtò yìí fún yín, ẹ má padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́." Àṣé ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Mo sì ti ń wọ ṣòkòtò náà bọ̀ láti ọdún méjì.

Nígbà tí àìsàn ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, màmá di ẹrù, ó di maṣínnì, ó kó wá sọ́dọ̀ wa. N ò ní purọ́, inú mi ò dùn. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́ mọ́ ara ilé, tí mo ń gbé ọkọ̀ ara mi sí, ibẹ̀ ló tẹ́ tábìlì ìgéṣọ rẹ̀ sí. Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé ọkọ̀ síta fún òjò nítorí búláòsì ẹlòmíràn nìyẹn.

Oòrùn ni àìsàn náà kórìíra. Bí oòrùn bá pa ìyàwó mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ara rẹ̀ á pọ́n, ojú á wú, ibà á sì dá a wó fún ọjọ́ mẹ́ta. Inú ọkọ̀ gan-an kò gbà á sílẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé gíláàsì iwájú ọkọ̀ nìkan ló nípọn tó láti dá agbára oòrùn dúró, pé ti ẹ̀gbẹ́ ò dá nǹkan kan dúró. Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó mi, irú olùkọ́ tí àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù lọ́dún kìíní, tí wọ́n á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kẹta. Oṣù méje ló fi jókòó sílé. Mo máa ń bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí a ti fi aṣọ dí, tó fi ìka kan ṣí etí aṣọ náà, tó ń wo àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń kọjá.

Ọjọ́bọ̀ kan ni lẹ́tà dé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sọ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ní ẹ̀sọ̀ kankan. Kó fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá òun ṣì lè máa wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá yọjú, wọ́n á gba ẹlòmíràn. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni ìrìn ọkọ̀ láti ilé wa.

Mo ní kí a lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó bi mí pé ṣé a ó wá máa dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí a tó padà ni, lójoojúmọ́ ayé. Mo ní ó dáa, a ó ta aṣọ bo gbogbo gíláàsì ọkọ̀. Ó wò mí.

"Ọkọ mi, òkú ni wọ́n ń daṣọ bò gbé lọ. Tí mo bá máa padà sídìí iṣẹ́ mi, mo fẹ́ máa wo ọ̀nà lọ."

Tí ìyàwó mi bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Dókítà ti kọ irú ọ̀rá tíńtì kan fún un tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe dúdú yẹn tí ọlọ́pàá fi ń dá ọkọ̀ dúró. Èyí mọ́ bí omi, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó wà lára gíláàsì, ṣùgbọ́n ó ń lé agbára oòrùn padà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kan ṣoṣo la ti rí i, ìyókù róòlù ni èyí tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tó gíláàsì ilẹ̀kùn mẹ́rin, kò lé, kò dín. Òmíràn á tó oṣù kan kó tó dé. Ọkùnrin tó máa ń bá a lẹ̀ ẹ́ sì ti rìnrìn àjò. Mo ní ta ló ń wá a? Èmi tí mo ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí mo sì ń tò ó padà, ṣé ọ̀rá ló máa wá dààmú mi?

Ìgbéraga ló ń ṣáájú ìṣubú, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ọkọ̀ sí gbangba àgbàlá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Mo gé ọ̀rá náà sí mẹ́rin, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo fi omi ọṣẹ fọ gíláàsì, mo fi àkísà nù ún gbẹ. Àkísà wo? Àkísà iṣẹ́ mi ni, èyí tí mo ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí mo sì gbà pé ó mọ́. Mẹkáníìkì kì í mọ̀ pé epo wà lọ́wọ́ òun, ó ti di ara ẹran ara rẹ̀. Nígbà tí mo lẹ ọ̀rá mọ́ gíláàsì, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo tẹ ibí, ọ̀hún wú. Mo tẹ ọ̀hún, ibí wú. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, gíláàsì náà ti dà bí ojú ẹni tí irorẹ́ bò. Mo ya á dànù.

Mo fọ ọwọ́ mi dáadáa, mo mú èkejì. Ìyẹn ì bá dára o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bó ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò báyìí ni atẹ́gùn fẹ́, ó gbá eruku àgbàlá jọ, ó sì dà á sí ojú tó ní gọ́ọ̀mù. Erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀rá náà nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ tán, èèyàn lè gbin ata síbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ìyá ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ àgbà tó ń pariwo mọ́ èèyàn létí. Ó ká mi lára.

"Màmá, ṣé nǹkan wà tí ẹ fẹ́ sọ ni?"

"Kò sí o, Ẹnjiníà." Orúkọ tó máa ń pè mí nìyẹn tí mo bá ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. "Mo kàn ń wò yín ni. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

"Ẹ wá lẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Ìbínú ni mo fi sọ ọ́, mo sì rò pé òun náà á bínú. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ọ̀rá méjì tó kù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó dáa."

Ó tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án síwá sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó ń fà, bó ṣe máa ń ṣe sí aṣọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí gbogbo aránṣọ ń ṣe láìronú. Ó ká ọ̀rá náà sí méjì dọ́gba kó lè mọ àárín rẹ̀, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò fa ojú ibi tó ká náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó dún tín-ín. Nígbà tó máa ṣí i, ilà funfun kan ti là á láàárín. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, èèyàn á lọ̀ ọ́, ilà á lọ. Ọ̀rá ò mọ áyọ́ọ̀nù. Ó fi ọwọ́ nà án, ó wọ́n omi sí i, ó gbé e sókè wò, ilà náà ò kúrò níbẹ̀, oòrùn á sì ráyè gbà á wọlé. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ti inú ilé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rí i. Ó yí padà wọlé, a sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà ńbẹ̀. Inú mi fẹ́ dùn díẹ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú màmá, inú dídùn náà sì kú mọ́ mi nínú. Ó wá àga, ó jókòó.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní. "Ọwọ́ mi ló yá ju orí mi lọ. Ẹ má bínú."

Àgbà obìnrin, tó mọṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó, ó ń bẹ ọkọ ọmọ rẹ̀ láìwá àwáwí kankan. Èmi tí mo ba méjì jẹ́, n ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí, mo sì ń ṣe bíi pé mo ń wá nǹkan nílẹ̀.

Mo ní ó ti parí, ẹyọ kan ò lè bo ilẹ̀kùn mẹ́rin, kí a kúkú kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé kò ní lè wá. Màmá ní, "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran." Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n ò retí.

"Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, apá ibo ni oòrùn máa ń wà?"

Mo ti wa ọ̀nà yẹn ju igba ìgbà lọ, n ò mọ̀. Mo di ojú, mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni di sítárìn mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lórí ìdúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

"Apá ọ̀tún," mo ní.

"Ó dáa. Tí ẹ bá wá ń bọ̀ nílé lọ́sàn-án, ọkọ̀ ti kọjú síbi tó kẹ̀yìn sí tẹ́lẹ̀, oòrùn náà sì ti sọdá. Ọ̀tún náà ni."

Mo tún di ojú, mo tún wa ọkọ̀ padà wálé. Òótọ́ ni. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó! Ogójì ọdún ló fi ń gbé maṣínnì tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ láti fèrèsé kan sí òmíràn kó lè rí ojú abẹ́rẹ́, ó mọ ìrìn oòrùn bí mo ṣe mọ ìró ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín," ó ní. "Gíláàsì iwájú, dókítà ti ní kò séwu. Ọ̀tún rẹ̀ la máa lẹ̀. Tòsì, ẹ̀yin ni ẹ ó wà níbẹ̀, ẹ sì sanra tó."

Kò fọwọ́ kan ọ̀rá tó kù náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹni tí inú rẹ̀ ò rọ̀ kì í gé aṣọ tí kò ní ìpààrọ̀. Èyí tó ní ilà ló fi kọ́ṣẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó ya á, ó tún un lẹ̀, ó tún un ya, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbọ́ tó ní, "Omi ni kó pọ̀. Omi ni aṣọ inú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó yọ̀." Ìgbà kẹrin ló tó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ó kó gbogbo aṣọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, títí kan àwọn ègé tó wà lábẹ́ tábìlì láti ọjọ́ tó ti dé. Ó da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí eruku má lè gbéra. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ wọlé, ká ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n lọ wẹ̀. Mo ní mo ti wẹ̀. Ó ní kí n tún wẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ní ẹ̀wù tí mo wọ̀ ń já fọ́nrán òwú sílẹ̀, kí n bọ́ ọ, ni mo bá dúró síwájú ìyá ìyàwó mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Bébà ló fi kọ́kọ́ mú ìrísí gíláàsì náà láti ìta. Ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí á wọnú ilẹ̀kùn, bí ẹni fi àyè sílẹ̀ fún ìṣẹ́tí. Ó fi bíléèdì ha gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí tí mi ò mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀. Kò nù ún rárá. Ó ní àkísà kankan ò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí. Ike tó fi ń fọ́n omi sáṣọ tó bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ó ti bu omi ọṣẹ sínú rẹ̀, ó fọ́n ọn títí gíláàsì fi ń ṣàn. Ó lẹ ègé sẹ́lótéèpù kan mọ́ iwájú etí ọ̀rá, ó lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀yìn, ó fa méjèèjì síta, ẹ̀yìn ọ̀rá sì bó wẹ́rẹ́. Ohun tí mo fi èékánná wá fún ìdajì wákàtí lánàá nìyẹn.

"Ẹ di ìsàlẹ̀ mú. Ẹ má fà á. Ẹ kàn dì í mú."

Mo dì í mú. Ó gbé ọ̀rá tútù náà lé gíláàsì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì darí rẹ̀ kiri lórí omi títí etí rẹ̀ fi bá etí gíláàsì mu. Mo ní, "Màmá, ẹ rọra..." Ó wò mí. Mo panu dé. Ó mú rúlà pẹlẹbẹ tó fi ń fa ilà sáṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó ń ti omi lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, kò dúró. Nígbà tó kan igun ìsàlẹ̀, ọ̀rá náà ṣù jọ díẹ̀, torí gíláàsì ọkọ̀ kì í tẹ́jú pátápátá. Ibẹ̀ ni tèmi ti bàjẹ́ lánàá tí mo fi agbára tẹ̀ ẹ́. Kò fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ìyàwó mi gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun wá, ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i láti òkèèrè, ó sì ń fi ìka pín ohun tó ṣù jọ náà káàkiri, bó ṣe máa ń ṣe kí apá ẹ̀wù lè jókòó sí èjìká láìní ìrunjọ. Ó rọlẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ó rọlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ tó sì gbà.

Ó gba wákàtí méjì. Mo yí gíláàsì náà po, mo ń wá ibi tí mo máa bá wí, torí bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. N ò rí. Òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí igun kan. "Ẹ̀kán omi kan kù síbí, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ má wò ó mọ́." Mo yọ wáyà tó ń sọ gíláàsì náà kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i kí ó tó gbẹ tán. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo ṣe tí kò ní àbààwọ́n.

Kí n tó sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìgbìmọ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ìyàwó mi wọlé aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì jáde pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti padà sí kíláàsì láti ìgbà náà. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀nà yẹn. Ìyàwó mi jókòó síwájú, màmá wà lẹ́yìn. Nígbà tí a bọ́ sí gbangba, oòrùn yọ sí apá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀, ó tàn kún inú ọkọ̀. Ìyàwó mi ká apá ẹ̀wù rẹ̀ ọ̀tún sókè dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fẹ́ sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, mo kàn di sítárìn mú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà, ó fi í síbẹ̀, ó ń wo awọ apá rẹ̀. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ara rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Màmá bi í láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kéré, "Ṣé ó ń ta ẹ́?"

"Kò ta mí, Màmá."

Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gíláàsì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí. Wọ́n ti kun ilé epo yẹn. Wọ́n ti gé igi ńlá tó wà ní oríta. Ta ló kọ́ ilé alájà méjì síbẹ̀ yẹn, ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ? Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Màmá ní kí n dúró. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni, mo pa ọkọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì padà. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wò ó. Mo bá a tó gbé ọwọ́ kan lé búùtù, tó fi ọwọ́ kejì di ẹnu ara rẹ̀ kí ohùn má baà jáde, omi ń dà lójú rẹ̀. Oṣù méje ni a ti jọ ń gbé, n ò rí omi lójú obìnrin yìí rí. Mo ti máa ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé ó le. Mo lọ dúró síbi tí ìyàwó mi ò fi ní lè rí i nínú dígí.

Nígbà tó yá, ó fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní, "Ṣé ojú mi pọ́n?"

Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Rárá, Màmá."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "Ọmọ mi ò gbọdọ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́."